Ta Ló Di Ìjánu Mú?



Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni ètò Fásíìsì àti ètò Sósíálíìsì, nítorí pé ìjọba ló ń darí ọrọ̀ ajé nínú méjèèjì. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ àti àgùntàn jọ ń jẹ koríko, a kì í tìtorí ẹ̀ pè wọ́n ní ẹran kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Ítálì. Sósíálíìsì ni Mussolini tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó lé e nínú ẹgbẹ́ ní 1914. Ní 1921 àti 1922, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń dáná sun ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ti alájẹṣẹ́kù kiri. Ní Jámánì, ní 1933, Hitler gba ilé àti owó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ńlá ń jèrè wọn lọ, bí wọ́n bá ṣáà ti ń ṣe ohun tí ìjọba wí.

Ọ̀nà mìíràn ni Stalin gbà ní Rọ́ṣíà. Láti 1929, ó fi tipátipá kó àwọn àgbẹ̀ sínú oko àjùmọ̀dá. Wọ́n ní alájẹṣẹ́kù ni, àmọ́ ìjọba ló ń yan alága, òun náà ló ń dá iye owó ọkà. Ìyàn 1932 sí 1933 pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn.

Ẹ wá wo ìlú Ọba. Ìjọba Labour gba ibi ìwakùsà èédú ní 1947, ó gba rélùwéè ní 1948. Nígbà tí ìbò lé wọn ní 1951, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù.

Nílé wa níbí ńkọ́? Láti 1947 di 1986, board ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí kòkó. Òyìnbó amúnisìn ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe Fásíìsì, kì í ṣe Sósíálíìsì. Síbẹ̀, ohùn àgbẹ̀ kéré níbẹ̀.

Nítorí náà, kí a má kàn bèèrè pé ta ló ni dúkìá. Ká bèèrè pé: ṣé a lè yọ ẹni tó di ìjánu mú? Ṣé a lè yẹ ìwé owó wò? Ṣé a lè sọ pé rárá, ká sì sùn sílé wa?

Ìbéèrè yìí kan ẹgbẹ́ tiwa náà. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í wá sípàdé ọdọọdún, tí kì í bi akápò léèrè ìṣírò, òun fúnra rẹ̀ ló fa ìjánu lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.