Kí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gba Èsì Obìnrin

Ní ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò káàkiri ilé ní Èkó. Yorùbá wo irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí: ìjọba ń sọ, ará ìlú ń gbọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Láàrin àwọn tí ń gbọ́ náà, obìnrin ni ó gbẹ́yìn, nítorí ní ilé púpọ̀, ọwọ́ baálé ni rédíò wà títí di òní.

Ilé-iṣẹ́ rédíò agbègbè dé láti yí orúkọ yìí padà. Ará ìlú ni ó ni ín, kì í ṣe ìjọba. Kò wá èrè. Èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà ní àdúgbò ni ó sì ń sọ. Ní Ghana, ọdún 1998 ni Radio Ada bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Dangme bá àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti alájàpá sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 17 fún àwọn ìlú àti ìletò.

Àǹfààní tí èyí lè ṣe fún obìnrin kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé àṣà Ìgbò tí ó ń fi ogún baba du ọmọbìnrin lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2015, òfin tí ó ka ìwà ipá léèwọ̀ jáde. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti lé aya jáde nílé tàbí láti fi ìyà jẹ opó lórúkọ àṣà, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti ṣe irú òfin náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ méjèèjì. Báwo ni opó tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ yóò ṣe mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun? Bí rédíò agbègbè bá ka òfin náà ní èdè ìyá rẹ̀, yóò mọ̀. Àwọn tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yóò mọ̀ pẹ̀lú, ní wákàtí kan náà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Bí a bá ń pe obìnrin sórí rédíò kí ó wá sọ nípa ọbẹ̀ sísè àti ìtọ́jú ọmọ nìkan, tí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso, ohun àtijọ́ náà ni a tún ń ṣe. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìgbìmọ̀ tí kò ní obìnrin ni yóò fi ètò obìnrin sí ọ̀sán gangan, nígbà tí ìyá wà lóko tàbí lọ́jà. Ní orílẹ̀-èdè Niger, àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́ tí àjọ FAO ràn lọ́wọ́ ti fi ọ̀nà mìíràn hàn: àwọn obìnrin abúlé kó ara wọn jọ yí rédíò tí oòrùn ń fún ní agbára ká, wọ́n gbọ́, wọ́n jíròrò, èrò wọn sì padà lọ sórí afẹ́fẹ́. Èyí gan-an ni gbígba èsì.

Àwọn kan yóò ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ń tú ilé ká. Ilé tí ó jẹ́ pé àìmọ̀ aya ni ó mú un dúró ti ń wó tẹ́lẹ̀. Baba tí ó bí ọmọbìnrin kò sì ní fẹ́ kí a lé ọmọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá kú.

Nítorí náà, ó yẹ kí òfin béèrè pé kí ìdajì ìgbìmọ̀ olùdarí rédíò agbègbè kọ̀ọ̀kan jẹ́ obìnrin kí ìwé àṣẹ tó jáde. Kí àwọn aṣòfin má ṣe tún ṣe bí wọ́n ti ṣe ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kọ àbá tí ì bá ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin. Òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe gba ẹ̀yìnkùlé sọ rédíò agbègbè di fèrè ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni láti dìde ní ìpàdé ìlú rẹ̀, kí ó sì béèrè pé: obìnrin mélòó ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan, asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò náà ṣì jẹ́.