Ọlọ́jà Tí Ó Kọ Owó Orí Fóònù Kì í Ṣe Òpè

Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò dídín ìná owó bébà kù ní Èkó ní ọdún 2012 ni a ti ń gbọ́ ọ pé òpè ni ọlọ́jà tí ó bá kọ̀ láti gba owó lórí fóònù. Àwa kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, ó sì dùn wá pé àwọn olùkọ́ wa pàápàá ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ń ta ata ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Oníbàárà ra ọjà 4,000 náírà, ó fi owó ránṣẹ́, ó gbé ata lọ, owó kò wọlé. Báńkì ti oníbàárà ní owó ti lọ. Báńkì ti ọlọ́jà ní òun kò rí i. Bí ó bá sì ṣe pé alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni wọ́n fi hàn án ńkọ́? Owó tí yóò fi ra ẹrù lọ́la nìyẹn. Lóòótọ́, ní ọdún 2020 Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa yanjú ọ̀ràn owó tí ó bá há sínú ẹ̀rọ POS láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ata kì í dúró de báńkì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ń gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ ará ìlú tí tuntun kò sì tó, orí fóònù ni tolówó tòtòṣì ti ń nájà, àkókò náà gan-an sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dákú. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà padà sí owó ọwọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni ó lé wọn padà.

Ẹni tí ń ta ọjà olówó ńlá gba ti fóònù, nítorí ó ń bẹ̀rù olè. Ṣùgbọ́n alájọ ni aláta ṣì ń kó owó fún, bí ó tilẹ̀ ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù, nítorí ó mọ ilé rẹ̀. (Àwọn alájọ kan ti sá lọ rí, a kò gbàgbé.)

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn báńkì ni pé kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ sí àwọn ọjà wa, ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ tí a sì mọ ibi tí ó jókòó sí, kí ó sì ní àṣẹ láti dá owó tí ó há padà kí ọjà tó tú.