Ọmọ Olódò Kì í Ṣe Olódo

Bíbélì kíkà: Jòhánù 9:1-3

Ọmọ tí ó bá gba òdo ní ilé ìwé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní olódo. Ní Olódò, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó, ohùn kan ṣoṣo ni ó ya orúkọ ìlú yìí kúrò lára èébú náà. Ẹni tí ó bá ṣi ohùn pè ti bú ọmọ ọlọ́mọ.

Irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Ẹ̀yin náà mọ ọmọ ọdún méje tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ pè é, kò wojú yín. Ìlù dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di etí, ó bú sígbe. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ìdérí ìgò, a tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ láìṣì. Èyí lè jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní autism. Leo Kanner kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀. A bí i mọ́ ọn ni. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe emèrè.

Kí ni àwa ń ṣe? A ó ní ẹ̀mí èṣù ni. A ó gbé e lọ sórí òkè, a ó nà án, a ó fi ebi pa á, a ó pè é ní ààwẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé ní Nàìjíríà, a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí a sọ pé ọpọlọ wọn kò pé, àtọmọdé àtàgbà, títí kan inú ilé ìjọsìn. Ará, àdúrà dára. Ẹgba kì í ṣe àdúrà.

Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn náà wá ẹlẹ́ṣẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ afọ́jú. Olúwa kò bá wọn wá a.

Ní ọdún 1993, ní Toronto ní Kánádà, Jim Sinclair, tí òun fúnra rẹ̀ ní autism, rọ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí ó wà láàyè. Ọmọ tí wọ́n ń fọkàn retí ni kò wá. Èyí tí ó wá ń dúró dè wọ́n. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ irú wọn ti dìde, wọ́n ní kí a máa bi àwọn léèrè kí a tó dá sí ọ̀ràn àwọn. Ẹ rántí Bátíméù: Olúwa béèrè ohun tí ó fẹ́ kí Ó tó wò ó sàn. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Etí tí ó dì yẹn, èsì ni.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 kọ ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara. Ṣé ó yẹ kí òfin ìjọba láàánú ju ìjọ Ọlọ́run lọ?

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ má fi í pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ dín ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kù. Ẹ fún un ní àyè lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ìyá rẹ̀ náà lè gbọ́ ìwàásù. Ẹni tí ó mọ ìdérí tò, ẹ jẹ́ kó máa bá yín to ìwé orin.

Ìka kò dọ́gba. Ọwọ́ kan náà ni Ọlọ́run fi dá wa.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá fún orúkọ tí a ti ṣì pe àwọn ọmọ Rẹ. Àmín.