Ẹ Má Gba Fóònù Lọ́wọ́ Wa, Ẹ Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Sọ Pé Rárá

Ní Ofosu tiwa níbí, bí ọ̀rọ̀ gémù orí fóònù bá ti délẹ̀, ìdájọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń dá: "Gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀!" Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí yóò lo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́la, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún.

Ẹ wo Pokémon GO, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2016, níbi tí ènìyàn ti ń rìn kiri láti mú àwọn ẹranko abàmì tó ń yọjú nínú fóònù. Ní oṣù náà gan-an ni wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fi àkáǹtì Google wọlé lórí iPhone, gémù náà ń gba àṣẹ lórí gbogbo àkáǹtì ọ̀hún. Niantic tó ṣe é gbà pé àṣìṣe ni, wọ́n sì tún un ṣe. Àwọn onímọ̀ ààbò tún rí ayédèrú rẹ̀ fún Android, tí wọ́n fi DroidJack sínú rẹ̀ láti fi gba àkóso fóònù onífóònù. Ta ni irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún, bí kò ṣe ẹni tó ń wá gémù kiri níbi tí kò yẹ?

Bí àlejò bá béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé wa, a ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Èéṣe tí a fi ń tẹ "Allow" láì kà á? Ó yẹ kí gémù yìí mọ ibi tí mo wà nígbà tí mo bá ń ṣe é, kì í ṣe nígbà tí mo bá ti pa á. Bí mo bá pa kámẹ́rà, ẹranko náà yóò ṣì jáde. Nọ́ńbà àwọn ará ilé mi kò sì kàn án rárá.

Àwọn kan á ní bí a kò bá fún un láyè nígbà gbogbo, kò ní ka ìṣísẹ̀ wa nígbà tí a bá pa á, ẹyin inú gémù kò sì ní tètè pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹyin pẹ́ kó tó pa sàn ju kí àjèjì mọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ìsọfúnni ọmọdé. Báwo ni òbí yóò ṣe yọ̀ǹda ohun tí kò yé e? Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jókòó tì wá, kí a jọ ṣí Settings. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi í kún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ sì kìlọ̀ fún wa nípa títì Ọ̀rẹ̀ sí Bìní tó la ìlú wa kọjá: kò sí ẹranko kankan tó tó ohun tí à ń tẹjú mọ́ fóònù sọdá rẹ̀ fún.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lóde òní, "Allow" kan ṣoṣo ti tó o fi tà á.