Ta Ni Ó Fi Killmonger Jọba?

Láti oṣù Èrèlé ọdún 2018 tí fíìmù Black Panther ti jáde ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ní Párísì, àti ní Kútọnu pàápàá. Wọ́n ní Killmonger ni ó tọ̀nà, pé òun gan-an ni ìtẹ́ Wakanda yẹ, pé T'Challa kàn rí ojú rere àwọn tó kọ ìtàn ni. Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé adùn eré nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, àgbà ìbá rẹ́rìn-ín, ìbá sì kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè ni, ọmọ ìlú aládé kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìlú Oakland, ní ọdún 1992, ọba T'Chaka pa N'Jobu àbúrò rẹ̀ nítorí pé ó dalẹ̀. Ó fi òkú sílẹ̀ nínú ilé, ó fi ọmọ òkú sílẹ̀ ní òde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Wakanda. Ọmọ náà dàgbà láàárín àjèjì. Kò ní ẹbí, kò ní oríkì, kò ní ẹni tí yóò mú un dé ojúbọ ilé bàbá rẹ̀. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. T'Chaka ni kò kọ́ ọmọ. T'Challa fúnra rẹ̀ kò bo ẹ̀bi yẹn mọ́lẹ̀: nígbà tí ó rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn baba ńlá, ó sọ ọ́ sí i lójú pé ohun tí ó ṣe kò dára. Michael B. Jordan tó ṣe ipa Killmonger sì ṣe é débi pé ọkàn ẹni tí àánú rẹ̀ kò bá ṣe le púpọ̀.

Ẹni tí a rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilé. Ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di ọba. Ẹ̀tọ́ ọmọ láti wọlé, láti jẹun nínú àwo bàbá rẹ̀, láti gba ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé sí, láti mọ ibi tí wọ́n sin àwọn tirẹ̀ sí, ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ fún odindi ìlú, òmíràn ni. Àwọn olólùfẹ́ Killmonger ń pa méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wọn yóò dáhùn pé òfin Wakanda ni ó fi jẹ: ọmọ ọba ni, ó pe ọba níjà létí omi tó ń já láti orí àpáta, ó sì borí. Ó dára. Kí wọ́n di òfin náà mú ṣinṣin nígbà náà. Òfin yẹn ní ìjà kò parí àfi bí ọ̀kan bá túúbá tàbí bí ọ̀kan bá kú. T'Challa kò túúbá, kò kú. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Kí ni èsì Killmonger? Ó ní ọ̀rọ̀ ìjà oyè ti tán, òun ti di ọba. Òfin tí ó gbé e wọlé ni ó tì jáde ní ọjọ́ tí òfin náà fẹ́ bi í léèrè. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ti wo fíìmù yìí ní àwòtúnwò, ibi yìí gan-an ni ojú wọn sì máa ń fò.

Ẹjọ́ tó tóbi jù wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Stan Lee àti Jack Kirby, ará Amẹ́ríkà méjì, ni wọ́n dá Black Panther sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán ní ọdún 1966, àwọn mìíràn sì ti ń fi kún un láti ìgbà náà. Ryan Coogler tó darí fíìmù 2018 ṣe iṣẹ́ gidi: ó fi èdè Xhosa sí ẹnu àwọn ará Wakanda, Ruth Carter tó ṣètò aṣọ wọn sì gba ẹ̀bùn Oscar, bí ó ti tọ́ sí i. Aṣọ Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, ìlù Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni afọbajẹ. Àwọn àgbà ẹ̀yà dúró, wọ́n múra dáadáa, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹni tí yóò jà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá ẹni tó wà níwájú wọn dára fún ìlú.

Ní Kétu, ilé márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí ká: Alápìíni, Màgbó, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Ilé tí ó bá kàn ni yóò fa ọmọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìjòyè yóò yẹ̀ ẹ́ wò, Ifá yóò sọ tirẹ̀, ètùtù yóò sì wáyé kí ìlú tó pe ẹnikẹ́ni ní kábíyèsí. Ọdẹ pọ̀ ní Kétu tí apá wọn le ju ti ọba lọ; ọdẹ ni wọ́n ń jẹ́ títí di ọ̀la. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, bí Aláàfin bá di ìkà, ọ̀nà wà: Baṣọ̀run yóò gbé igbá òfìfo lé e lọ́wọ́, ọba yóò sì mọ ohun tí ó kù fún òun láti ṣe. Ní Wakanda, ọba tuntun fún ìyá àgbà kan lọ́rùn nítorí pé ó lọ́ra láti dáná sun ọgbà, kò sì sí igbá kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Okoye, ọ̀gágun obìnrin, ní ìtẹ́ ni òun ń sìn, ẹni yòówù kó jókòó lé e.

Ọgbà tí wọ́n sun yìí ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Kétu dúró lé. Ibẹ̀ ni ewé tí ń sọ ọmọ ọba di Black Panther ti ń hù. Killmonger mu tirẹ̀ tán, ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n sun ìyókù di eérú, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́ lẹ́yìn òun.

Kétu mọ iná. Ní ọdún 1886 ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà, ó dáná sun ún, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. (Àwọn obìnrin ológun Dàhòmì yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àwòṣe fún àwọn Dora Milaje inú fíìmù. Ọ̀dọ́mọbìnrin Kétu tó bá fẹ́ wọ aṣọ wọn lọ sí òde àríyá, kí ó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn Àkàbà Ìdẹ̀nà.) Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Dodds gba Àgbómẹ̀ ní ọdún 1892, àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìgbèkùn padà sí ilẹ̀ tí igbó ti bò. Wọn kò ní ààfin, ọ̀pọ̀ wọn kò ní òrùlé. Wọ́n tún ìlú dó, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Dàhòmì sun ilé, kò rí ètò oyè sun. Killmonger, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé, kò fi èyí tí ọ̀tá fi sílẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí tó lágbára jù ní ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ni pé ó ń gbẹ̀san fún gbogbo ọmọ tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun. Wọ́n tilẹ̀ ní òwe kan tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn, pé ọmọ tí abúlé kò gbá mọ́ra yóò dáná sun abúlé kí ó lè yáná. Òwe Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sọ ìlú tó ni ín. Kétu ní ọmọ tí wọ́n kó lọ, ó sì ní orúkọ. Ní Salvador, ní Bàhíà, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé Otampê Ojarô ni ó dá a sílẹ̀, ọmọbìnrin ìdílé Àró ní Kétu, tí Dàhòmì mú lẹ́rú tí wọ́n sì tà sí Bùràsíìlì. Ọmọ ọba ni. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ Oakland. Ojúbọ ni ó tẹ́ níbẹ̀. Ìjọba Bùràsíìlì ti kọ ilé náà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ilẹ̀ yìí rí sì ń fi orúkọ Kétu pe ìsìn wọn. Ẹni tó bá ń wá ọmọ ọba tí a sọ nù sí òkè òkun tí ó yẹ kí a kan sáárá sí, kí ó lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan ni ó wà nílẹ̀ yìí. Nígbàkigbà tí ìtẹ́ bá ṣófo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni kan máa ń dìde tí kì í ṣe ilé rẹ̀ ni ó kàn, ṣùgbọ́n tí ó lówó, tàbí tí ó mọ àwọn tó wà ní ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ tí sinimá ti kọ́ pé ẹni tó bá borí ni ó ni oyè, kí ni wọn yóò rí sọ sí i? Wọn yóò pàtẹ́wọ́. Wọn yóò tún pe àwọn àgbà tó ń béèrè ilé tó kàn ní ẹni àná.

Kí wọ́n wo fíìmù kejì dáadáa, èyí tó jáde ní ọdún 2022. Chadwick Boseman tó ṣe T'Challa ti kú ní ọdún 2020, àwọn olólùfẹ́ sì pín sí méjì lórí bóyá kí òṣèré mìíràn gba ipa náà. (Àwọn tó ní kí ó gbà á ni wọ́n sún mọ́ àṣà jù: ọba ní í wàjà, oyè kì í wàjà.) Bí fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀, àìsàn dá T'Challa dùbúlẹ̀. Shuri àbúrò rẹ̀ ń sáré láti fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dá ewé náà kí ó lè fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là, nítorí kò sí ọ̀kan mọ́ nínú ọgbà. Kò bọ́ sí i, ọba sì kú. Ẹni tó sun ọgbà ni wọ́n ṣì ń pè ní olóòótọ́.

Ní òpin fíìmù kejì yìí, M'Baku dé etí omi, ó ní òun fẹ́ jà fún ìtẹ́. Àwọn àgbà tún wà níbẹ̀ nínú aṣọ wọn tó rẹwà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan.