Àlejò Tí Ó Sanwó, Àlejò Náà Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rìn dé àwọn òkè Kiso ní ilẹ̀ Japan yóò rí ohun kan tí yóò yà á lẹ́nu bí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: àwọn onílé tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àlejò, síbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé àna wọn ni ó wọlé dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ fún àlejò tí ó sì na ọwọ́ gba owó rẹ̀, ahun ni aráyé yóò pè é. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Òwe náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹnì kan béèrè ẹni tí ń san gbèsè ọ̀hún, àti iye ọdún tí ilé kan lè fi jẹ ẹ́ kí òrùlé tó jìn.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Japan ni òkè Kiso wà. Ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń pè ní Nakasendo. Ó gùn tó nǹkan bí 530 kìlómítà, ó sì so Kyoto, níbi tí ọba wọn ń gbé nígbà náà, mọ́ Edo tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tokyo lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìjọba àwọn shogun, èyíinì ni àwọn olórí ogun tí ó gba àkóso ilẹ̀ náà, ti ṣètò ìlú ìsinmi fún àwọn arìnrìn-àjò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 69, mọ́kànlá nínú wọn sì wà ní àfonífojì Kiso. Ilé tí ìjòyè ńlá ń wọ̀ sí yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Ní Kiso-Fukushima, oníbodè jókòó sí ojú ọ̀nà bí oníbodè ti ń jókòó sí ẹnu odi ìlú Yorùbá láyé ijọ́un, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ibodè ni àwọn yẹn ń ṣọ́ jù lọ. Ìbọn tí ó bá fẹ́ wọ Edo àti obìnrin tí ó bá fẹ́ jáde kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, nítorí pé ìyàwó àwọn ìjòyè ni ìjọba fi dógò kí ọkọ wọn má baà dìtẹ̀. Àní igi inú igbó pàápàá ní ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá gé igi hinoki kan ṣoṣo láìgbàṣẹ, orí rẹ̀ ni yóò fi san án.

Lónìí, òpin ọ̀sẹ̀ kan tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ díẹ̀ wò nínú ọ̀nà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá amọ̀nà dé Magome, ìlú kékeré kan tí òkúta ni wọ́n fi tẹ́ òpópónà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè. Wọn yóò sùn níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò yóò gbé ẹrù wọn ṣíwájú lọ sí ilé èrò kejì, àwọn fúnra wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn gba ẹnu òkè tí ó ga tó nǹkan bí 800 mítà kọjá, títí wọn yóò fi dé Tsumago. Kìlómítà mẹ́jọ ni ọ̀nà náà, kò gbà ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lọ. Agogo wà ní ojú ọ̀nà tí èrò ń lù kí béárì lè gbọ́, kí ó sì yà fún ènìyàn. (Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ń fi agogo kìlọ̀ fún ẹran yóò rẹ́rìn-ín títí.) Ní agbedeméjì ọ̀nà, ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti ń bu tíì gbígbóná fún ẹnikẹ́ni tí ó bá yà. Ẹni tí ó bá wù lè fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wù yóò dúpẹ́, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ilé èrò ni ọ̀rọ̀ wà. Kí oòrùn tó wọ̀ ni àlejò gbọ́dọ̀ ti dé, nítorí pé ìyàwó ilé ti wà nídìí ààrò, gbogbo èrò ni yóò sì jẹun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà ni yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sí. Kí ó tó wọ inú omi gbígbóná, ìta agbada omi náà ni yóò ti fi ọṣẹ wẹ gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, nítorí pé omi kan náà ni gbogbo àlejò ń wọ̀ tẹ̀léra wọn, ẹni tí ó bá dọ̀tí rẹ̀ ti ṣẹ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò wọ aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ dè é, yóò jókòó lórí ẹní. Ẹja odò tí wọ́n fi iyọ̀ yan ni wọn yóò gbé wá, pẹ̀lú ewébẹ̀ orí òkè, àti ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ igi ṣóńṣó, tí wọ́n fi ọbẹ̀ dídùn ra lára kí wọ́n tó yan án. Ìgbà tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ ni wọn yóò tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí ilẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru, kí ó rọra sọ ọ́, nítorí pé ara ògiri fẹ́lẹ́, etí ẹnìkejì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé a rí i bí owó tí àlejò náà san kò ṣe sọ ọ́ di ọ̀gá onílé? Àṣà ilé ni ó ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èrò bá ń lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Nagiso, onílé yóò jáde síta, yóò máa juwọ́ sí wọn títí wọn yóò fi pẹ́ kọ́nà. Ìyẹn ni Yorùbá ń pè ní sísin àlejò sọ́nà, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́ iye tí wọ́n san.

Díẹ̀ ló kù kí gbogbo èyí ti parun. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin parí ní ọdún 1911, etí odò ni ó gbà. Èrò kò gba Magome àti Tsumago mọ́. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, àwọn ọ̀dọ́ gba ìlú ńlá lọ. Ní ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé Tsumago ṣe, àwọn ará ìlú sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo agboolé wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1971 wọ́n jọ mulẹ̀ lórí ohun mẹ́ta: a kò ní í ta ilé, a kò ní í fi yá àjèjì, a kò ní í wó o. Wọ́n kó òpó àti wáyà iná mànàmáná kúrò ní ojú òpópónà, wọn kò sì jẹ́ kí mọ́tò gba ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ọdún 1976 ni ìjọba Japan tó fi òfin gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Òfin líle ni, ẹni tí owó bá há mọ́ lọ́wọ́ tí kò sì lè ta ilé bàbá rẹ̀ mọ bí ó ti rí lára. Kò sì dá àwọn ọmọ dúró: arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé èrò náà, àwọn mìíràn kò sì rí ẹni tí yóò gba ilé lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, iná ṣì ń tàn ní Tsumago lálẹ́, owó àlejò ni ó sì ń ra epo sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlú kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí gan-an. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923 wá tẹ Odòde dó. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ wà lókè níbẹ̀ di òní, ọdún ìbílẹ̀ sì ń mú àwọn ọmọ ìlú padà gùn ún. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà sínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí UNESCO. Àwọn àlejò ń wá. Wọn a gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, wọn a ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ wọn a sì ti wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oòógùn wọn ni ó kù sórí àpáta. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, òtẹ́ẹ̀lì ńlá ni àwọn kan ń pariwo, bí ẹni pé àlejò tí ó rin ọ̀nà jíjìn wá ń wá irú yàrá tí ó fi sílẹ̀ ní Èkó.

Àwọn mìíràn yóò ní títa àṣà ni kí ìyá ilé máa gba owó ibùsùn. Wọ́n ti gbàgbé ayé àwọn alájàpá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń kọ́wọ̀ọ́ rìn láti ìlú dé ìlú, ilé onílé ni wọ́n ń wọ̀ sí. Onílé náà ni ń bá wọn wá oníbàárà, ó sì ń gba tirẹ̀ lórí ọjà tí wọ́n bá tà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ahun. Àlejò rẹ̀ jẹ, òun náà jẹ.

Ilé kò wọ́n ní Odòde tí yàrá ti ṣófo nínú rẹ̀ nítorí pé ọmọ tí ó ni ín ti lọ sí ìlú ńlá. Ibùsùn mímọ́, omi gbígbóná, iyán tí ó kúnná, àti ọmọ ilé kan tí ó mọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan tí yóò sì ṣíwájú àlejò gun òkè ní òwúrọ̀ kùtù: kò sí èyí tí ó ń dúró de ìjọba nínú wọn. Ní ti owó, kí àwọn ìyá ilé jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye tí yóò jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti béèrè.