Bí Igi Bá Bá Èédú Jóná
Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí ló yẹ kí a fi wo Drax, ilé iṣẹ́ amúnáwá ní Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sun igi pọ̀ mọ́ èédú kí ó tó dágbére fún èédú ní 2021. Lóòótọ́, imí ọjọ́ inú igi kò tó ti èédú, oró rẹ̀ nínú èéfín a sì dín kù. Ṣùgbọ́n eérú kíkúnná tí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ń rú síbẹ̀, igi tí iná sì jó wéré, ọ̀pọ̀ ọdún ni òmíràn yóò fi dàgbà rọ́pò rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá gba ihò èéfín jáde ni kí ìjọba wọ̀n, nítorí èéfín kò mọ olówó, kò mọ tálákà.